Fílítà fóòmù báìkì mi ń kán ọ́ìlì sílẹ̀, eruku tún ń wọlé. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Eléruku_Tuntun

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó orí máṣíìnì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti fẹ́ sú mi. Mo ra dirt bike àlòkù kan, 250 fóò-sítróòkù, oníkàbúrétọ̀ ni. Ẹni tó tà á fún mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fílítà ẹ̀, ó ní kí n fi pẹtiróòlù fọ fóòmù yẹn, kí n gbọ̀n ọ́n, kí n rì í sínú ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, kí n dá a padà síbi tó wà, ó parí. Bó ṣe wí ni mo ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é báyìí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tí mo bá fọ̀ ọ́ lálẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀ ọ́ìlì á ti ro sí ìsàlẹ̀ éàbọ́ọ̀sì (àpótí tí fílítà ń gbé), á máa kán tó tó tó láti ẹnu rọ́bà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Máṣíìnì ò ní fẹ́ jí. Tó bá wá jí náà, á máa wúkọ́, tí mo bá fi í sí sílóò á kú. Mo tú púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí èédú. Mo wá ń sọ fún ara mi pé ó dáa náà, ó kéré tán ọ́ìlì pọ̀ nínú fílítà, eruku kankan ò lè kọjá. Àṣé ara mi ni mò ń tàn. Lánàá mo yọ fílítà, mo ti ìka bọ inú rọ́bà ńlá tó lọ sí kàbúrétọ̀, ni ìka mi bá jáde pẹ̀lú nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó kúnná bí àtíkè. Àyà mi já.

Báwo ni ọ́ìlì ṣe máa pọ̀ tó báyẹn kí eruku ṣì máa kọjá? Ṣé dandan ni ọ́ìlì fílítà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ yẹn ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa ni? Àti pé ojú ibi tí wọ́n ti fi gúlù lẹ fóòmù yẹn pọ̀ ti ń ṣí, kò pọ̀ o, bóyá ó fẹ̀ tó èékánná. Ṣé mo lè ra gúlù kí n lẹ̀ ẹ́ padà?

---

Gẹ̀lẹ̀tẹ̀

Àbúrò má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ẹ́. Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì lèmi ń lò láti ìgbà tí mo ti ń gun máṣíìnì, báìkì mi ò kú, èmi náà ò kú. Ìwọ lo dà á jù. Tẹ ọ́ìlì yẹn jáde dáadáa kó o tó dá a padà, ó tán. Ọ́ìlì ni ọ́ìlì jàre.

---

Ọ̀gá_Sípánà

Ẹ̀gbọ́n Gẹ̀lẹ̀tẹ̀, mo ń padà bọ̀ wá bá yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ yìí lóhùn.

Àbúrò, ibi méjì leruku ń gbà wọlé sí ọ lára, kò sì sí èyí tí ọ́ìlì púpọ̀ lè dí nínú méjèèjì.

Mú fóòmù yẹn, gbé e síwájú iná, wò ó. Ihò ló kún inú ẹ̀, ihò tó tóbi ju eruku lọ fíìfíì. Fóòmù fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń mú eruku. Ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ ọn lára ló ń mú un, fóòmù kàn gbé ọ́ìlì dúró ni. Afẹ́fẹ́ á máa ya kọ́nà kiri nínú àwọn ihò yẹn, ṣùgbọ́n eruku wúwo jù ú lọ, kò lè ya kọ́nà bí afẹ́fẹ́, á lọ forí sọ ara fóòmù. Tó bá bá ọ́ìlì tó ń lẹ̀ níbẹ̀, ó há nìyẹn. Tó bá bá ibi gbígbẹ, á tún fò dìde, ó di inú ẹ́ńjìnì.

Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, kó lè máa ṣàn ni wọ́n ṣe ṣe é. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Tó o bá fi sínú fóòmù, ó máa ṣàn náà ni, kò ní dúró torí pé o bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ á fi máa mọ́, ìsàlẹ̀ fóòmù á ti rin gbingbin, afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà gbà níbẹ̀ mọ́, epo wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnì, ìdí tí púlọ́ọ̀gì ẹ fi dúdú tí máṣíìnì ò fi fẹ́ jí nìyẹn. Òkè fóòmù ní tiẹ̀ ti gbẹ, ibẹ̀ ni eruku ń gbà kọjá láìsan owó bodè. Nínú fóòmù kan ṣoṣo ni ọ́ìlì ti pọ̀ jù tí kò sì tún tó.

Ọ́ìlì fílítà yàtọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n pò ó mọ́ nǹkan kan tó ń jẹ́ kó ṣàn wọnú fóòmù nígbà tó o bá ń dà á, nǹkan yẹn á wá fẹ́ lọ nínú afẹ́fẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan, èyí tó kù á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi, kò ní ro síbì kankan. Aró tí wọ́n sì fi sí i kì í ṣe fáàrí. Wọ́n fi sí i kó o lè rí ibi tí ọ́ìlì ò tíì dé. Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tuntun, tó o bá da sára fóòmù, o ò lè fi ojú mọ ibi tó dé dáadáa.

Ibi kejì ni ojú gúlù yẹn. Má lẹ̀ ẹ́ o! Pẹtiróòlù tó o fi ń fọ̀ ọ́ ló ń jẹ gúlù yẹn, bó bá ti ń ṣí níbì kan ìyókù ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ó fẹ̀ tó èékánná lo wí. Ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ tagbáratagbára, ibi tó bá rọrùn jù ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà, kò níí máa la fóòmù ọlọ́ọ́ìlì kọjá nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ra fóòmù tuntun. Èyí tó jẹ́ ìpele méjì ni kó o wá, tí ìta ẹ̀ ní ihò ńlá tí inú ẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́.

Ọ̀rọ̀ pẹtiróòlù yẹn kan náà, jọ̀ọ́ jáwọ́ níbẹ̀. Èéfín ẹ̀ ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Tó bá sì kù díẹ̀ nínú fóòmù tí ẹ́ńjìnì sì bú sẹ́yìn gba ẹnu kàbúrétọ̀, iná máa sọ níbẹ̀. Wọ́n ti gbé éàbọ́ọ̀sì kan wá bá mi rí tó yọ́ ṣègèdè sára férémù báyìí, ẹni tó ni ín ṣì ń bi mí pé ṣé kò ṣeé tún ṣe.

Ó dáa, bó o ṣe máa ṣe é rèé. Kó o tó yọ fílítà rárá, nu gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, torí ìgbà tó o bá ń yọ ọ́ ni erùpẹ̀ tó wà létí ẹ̀ máa ń já bọ́ sínú rọ́bà, wàá wá fi ọwọ́ ara ẹ bu iyanrìn fún ẹ́ńjìnì. Bó bá ti jáde, fi àkísà ńlá tó mọ́ dí ẹnu rọ́bà yẹn, ńlá ni mo wí, kí ẹ́ńjìnì má lọ fà á wọlé, kó o sì rántí yọ ọ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti ṣe mí rí). Kó o wá nu inú éàbọ́ọ̀sì mọ́ tónítóní, kó o yọ fóòmù kúrò lórí àgò tó gbé e dúró.

Ìpele méjì ni fífọ̀ ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun ìfọ-fílítà tí wọ́n ń tà, tó ò bá rí i lo kẹrosíìnì, níta gbangba o, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí iná má sì sí nítòsí. Rì í, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pọ̀, tú u sílẹ̀, tún tẹ̀ ẹ́. Má fún un bí ẹni ń fún ṣòkòtò, fífún yẹn ló ń ya ojú gúlù tó sì ń ya inú fóòmù láìjẹ́ kó o mọ̀. Ìkejì ni omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́, èyí ló máa kó ìyókù kẹrosíìnì àti ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ jáde. Inú ni kí omi ti máa gbà bọ́ síta, torí ìta leruku wà, tó o bá da omi lù ú láti ìta ńṣe lò ń tì í wọnú sí i. Fi omi mìíràn ṣàn án títí tí kò ní hó mọ́.

Gbígbẹ ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Gbé e sábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, oòrùn gangan máa ń jẹ́ kí fóòmù tètè gbó, má sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ó máa ń lu ú. Ó lè gbẹ lójú kí omi ṣì wà ní àárín. Ibi tí omi bá wà ò ní gba ọ́ìlì, tí omi yẹn bá wá gbẹ lẹ́yìn ọ̀la, ihò òfìfo lo fi sílẹ̀ fún eruku yẹn. Èmi máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ni, màá sì fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n tó da ọ́ìlì sí i. Ọwọ́ lè purọ́ fún ẹ torí ó ti le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa gbọ́ òtútù.

Da ọ́ìlì sí i nínú àti níta, fi ọwọ́ pa á wọlé, máa tẹ̀ ẹ́, máa yí i, títí àwọ̀ ẹ̀ á fi dọ́gba káàkiri. Ojú gúlù àti kọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Tó o bá rí ibi tó ṣì funfun, kò tíì tó. Tó o bá gbé e sókè tó ń kán, ó ti pọ̀ jù, tẹ̀ ẹ́ kí àṣẹ́kù jáde. Fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, tàbí bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ sára ike ọ́ìlì yẹn, kó o tó gùn ún.

Tó o bá ń dá a padà, fi gíríìsì tí omi kì í fọ̀ lọ ra etí ẹ̀ tó máa jókòó sára éàbọ́ọ̀sì. Fi ìka yí etí yẹn ká lẹ́yìn tó o bá ti de bóòtù ẹ̀, kó dá ẹ lójú pé kò sí ibi tó ká sínú. Ibẹ̀ ni gbogbo làálàá lè já sí asán o, fílítà mọ́, ọ́ìlì tó, àmọ́ kó wá jókòó ní wíwọ́.

Ẹ̀gbọ́n Gẹ̀lẹ̀tẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ níbo lẹ ti ń gun ti yín? Ẹrẹ̀ àbí iyanrìn gbígbẹ?

---

Gẹ̀lẹ̀tẹ̀

Inú igbó, ilẹ̀ tútù ló pọ̀ jù. Kí ló kàn án?

---

Ọ̀gá_Sípánà

Ó kàn án gan-an ni sà. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí eruku lójú ọ̀nà yín, ẹ́ńjìnì ọ́ìlì ò tíì rí ẹni tó máa dán an wò. Ẹ ṣáà bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ mú àkísà funfun, ẹ yọ fílítà, ẹ nu inú rọ́bà ńlá yẹn, inú o, ọ̀dọ̀ kàbúrétọ̀, kí ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa. Mi ò ní jiyàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

---

Obìnrin_Orí_Òkè

Ẹ kú àlàyé ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ibi iyanrìn lèmi ti ń gùn, ibi téèyàn bá ti wà lẹ́yìn ẹlòmíì kì í rí iwájú.

Àbúrò, ra fóòmù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé owó ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kéèyàn gun máṣíìnì pẹ̀lú fílítà ìdọ̀tí kì í ṣe ọ̀lẹ, gbígbẹ yẹn ni. O dé lálẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, o tún fẹ́ gùn lọ́la, fóòmù kan ṣoṣo lo ní, kí lo fẹ́ ṣe? Wàá sọ pé "ẹ̀ẹ̀kan péré yìí náà". Èmi máa ń kó wọn jọ fọ lẹ́ẹ̀kan náà, màá fi ọ́ìlì sí gbogbo wọn, màá kó wọn sínú náílọ́ọ̀nù tó ṣeé pa lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú tiẹ̀. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, fílítà kan ò lè rí ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ mi, tó bá sì jẹ́ ìdíje, mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ìpele kan sí ìkejì. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ṣáà yọ ọ́ wò, omi lè ti wọ inú ẹ̀.

Náílọ́ọ̀nù yẹn náà ni mo fi ń da ọ́ìlì sí i. Fi fóòmù tó ti gbẹ sínú náílọ́ọ̀nù, da ọ́ìlì lé e, pa á lẹ́nu, kó o máa fọwọ́ pò ó láti ìta. Ọ́ìlì ò ní ṣòfò, ọwọ́ ẹ ò sì ní bà jẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lo ọ́ìlì fílítà mi ò wọ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ mi búlúù fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ibi iṣẹ́ ń bi mí bóyá mo ti di aláró.

Nǹkan kan tí ọ̀gá ò sọ: wo irú ọ́ìlì tó ò ń lò kó o tó ra ohun ìfọ̀ ẹ̀. Àwọn kan wà bíi ti No Toil tó jẹ́ pé ohun ìfọ̀ tiwọn tó ń bá omi lọ ni wọ́n ṣe fún un, kẹrosíìnì kọ́ ni wọ́n ní kó o fi fọ̀ ọ́. Àwọn tó kù tó ń lẹ̀ gan-an, ọṣẹ àti omi nìkan ò lè ṣí wọn, wàá kàn máa fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Má pa oríṣi méjì pọ̀ nínú fóòmù kan. Ọ́ìlì tó wà fún fílítà olówùú náà, fílítà olówùú ni kó o fi í sí, kì í ṣe fóòmù.

Kẹrosíìnì tó o bá sì lò, má dà á sí gọ́tà. Dà á sínú ike onídèérí, gbé e sí kọ̀rọ̀ kan. Tó bá fi máa di ọjọ́ mélòó kan ẹrẹ̀ á ti silẹ̀, òkè á tòrò, wàá rọra da ti òkè yẹn lò fún ìfọ̀ àkọ́kọ́ nígbà mìíràn.

Ibi tí èmi àti ọ̀gá ò ti fẹnu kò ni gíríìsì yẹn. Àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di símẹ́ńtì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ gbàgàdà kó lè bo àléébù fóòmù tó ti wọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni tèmi. Ìdí ni pé tó o bá ti padà dé, gíríìsì yẹn ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹ. Wo ojú ẹ̀ dáadáa kó o tó nù ún: tí ìdọ̀tí bá dúró sí etí òde nìkan, fílítà jókòó. Tó o bá rí ìlà eruku kan tó là á kọjá láti òde wọ inú bí ojú ọ̀nà èèrà, ibẹ̀ ló ti ń jò. Tí gíríìsì bá nípọn jù, ìlà yẹn ò ní hàn.

---

Ọ̀gá_Sípánà

Mo gbà, ìyá wa. Tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni mo ní lọ́kàn, mi ò kàn sọ ọ́ jáde ni. Ojú ọ̀nà èèrà yẹn, mo máa yá a lò fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

---

Eléruku_Tuntun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ra fóòmù méjì, ẹ̀kẹta ṣì ń bọ̀, owó ò tíì dé ibẹ̀. Mo fọ éàbọ́ọ̀sì, ìdọ̀tí tó jáde níbẹ̀ ó kọjá sísọ, ewé gbígbẹ wà níbẹ̀, kòkòrò wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ o. Eruku tó ti wọlé ńkọ́? Ṣé ó ti ba ẹ́ńjìnì jẹ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ láìtú gbogbo ẹ̀ palẹ̀?

---

Ọ̀gá_Sípánà

Ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Kọ́kọ́ nu inú rọ́bà yẹn àti ẹnu kàbúrétọ̀ mọ́ kó o tó jí i.

Eruku ilẹ̀, iyanrìn ló pọ̀ nínú ẹ̀, iyanrìn sì le ju irin púpọ̀ lọ. Tó bá dapọ̀ mọ́ ọ́ìlì ara sílíńdà ó di ohun tí wọ́n fi ń ha irin. Lórí fóò-sítróòkù bíi tìẹ, fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré, tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ló kọ́kọ́ máa ń jìyà ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ títáníọ̀mù. Eruku á máa jẹ ojú ibi tó ń jókòó sí, fáàfù á máa wọnú lọ díẹ̀díẹ̀, àlàfo tó yẹ kó wà lókè ẹ̀ á máa dín kù títí kò fi ní lè padé dáadáa mọ́. Ìgbà yẹn ni máṣíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro jí, àwọn èèyàn á máa bá kàbúrétọ̀ jà, kàbúrétọ̀ ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Nítorí náà, gbé e lọ kí wọ́n wọn àlàfo fáàfù, ẹ́ńjìnì tútù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi wé ohun tó wà nínú ìwé máṣíìnì ẹ. Kọ ohun tí wọ́n bá bá sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n. Tí nọ́ńbà yẹn ò bá yí padà, má ṣe ìyọnu. Tó bá tún ti dín kù kíákíá, fáàfù ń jẹ nìyẹn.

Èkejì, máa wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ẹ. Tó bá ń jẹ ọ́ìlì tí èéfín ẹ̀ sì jẹ́ búlúù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ríìnì, àwọn òrùka ara písítọ́ọ̀nù, ló ti jẹ. Kí wọ́n wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀nù ẹ̀ wò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ tó.

Ká ní tú-sítróòkù ni, isàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ni afẹ́fẹ́ máa kọ́kọ́ gbà, bẹ́árìnì náà á jẹ nínú iyanrìn yẹn. Ìwọ ò sí níbẹ̀, dúpẹ́.

---

Eléruku_Tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé o. Wọ́n wọn fáàfù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ti sún mọ́ òpin ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ṣíìmù ẹ̀ (irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń tún àlàfo yẹn ṣe), mo kọ nọ́ńbà yẹn sára ògiri. Kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀nù dáa.

Mo wá gùn ún ní gbogbo ọ̀sán nínú eruku tó pọ̀ débi pé inú eyín mi ń dún kìrìkìrì. Mo yọ fílítà, ìta ẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀ pátápátá, mo yí i sódì, inú ẹ̀ ṣì búlúù mọ́lọ́mọ́lọ́. Mo fi àkísà funfun nu inú rọ́bà, ó jáde bó ṣe wọlé. Máṣíìnì ń jí ní ẹ̀ẹ̀kan báyìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn sì jóòótọ́, mo rò pé fóòmù kejì ti gbẹ, mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tutù rinrin.

---

Gẹ̀lẹ̀tẹ̀

Mo nu tèmi náà. Mi ò ní pariwo, àkísà mi pupa díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Ọ́ìlì fílítà yẹn, àwọ̀ wo ló máa ń tètè hàn lójú ẹni tí ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì?

---

Obìnrin_Orí_Òkè

Tí fóòmù yín bá jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, búlúù ni kẹ́ ẹ rà, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o.